Kámẹ́rà àtijọ́ ni mò ń lò, mi ò sì tíì rí ìdí tí màá fi pààrọ̀ rẹ̀

Ajífótò_Ìjàpọ̀ (Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin àbúrò.

Ohun tó gbé mi dé ibí nìyí. Níbi ìdána kan lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò ìyàwó wo kámẹ́rà ọwọ́ mi láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé èyí lẹ fẹ́ fi yà wá? Fóònù tèmi gan-an, megapixel 108 ni o.” Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n tò dáadáa, kí ẹni tó wà lẹ́yìn yọjú, mo sì yà wọ́n.

Nikon D700 ni kámẹ́rà náà. 2008 ló jáde. Megapixel 12 ni, kò lè ya fídíò rárá, rọ́bà ibi ìdìmú rẹ̀ sì ti ń ṣí, gọ́ọ̀mù ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé owó tuntun ò sí. Mi ò fẹ́ tuntun ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti megapixel yìí, ìyẹn iye mílíọ̀nù píkísẹ́lì, àwọn ẹyọ wínníwínní tó para pọ̀ di fótò, torí òun ni wọ́n fi ń bú wa kiri. Sensor D700, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, fẹ̀ tó mìlímítà 36 sí 24. Ẹyọ píkísẹ́lì kan lórí rẹ̀ tó micron 8.45 (micron ẹgbẹ̀rún kan ló wà nínú mìlímítà kan). Fóònù olómegapixel 108 tí gbogbo ayé ń pariwo ní 2020, Samsung Galaxy S20 Ultra, micron 0.8 ni tiẹ̀. Èyí tó kéré tóyẹn ò lè gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí fóònù náà fi máa ń pa píkísẹ́lì mẹ́sàn-án pọ̀ di ẹyọ kan. Fótò tó máa bọ́ sọ́wọ́ rẹ, àyàfi tó o bá yí i padà fúnra rẹ, megapixel 12 ni. Méjìlá kan náà o!

Fótò D700 jẹ́ 4256 sí 2832. Tí mo bá fọ̀ ọ́ sí ínṣì 12 × 18, ìyẹn èyí tí àwọn oníbàárà mi máa ń gbé kọ́ pálọ̀, píkísẹ́lì bíi 236 ló wà nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan. Ta ló fẹ́ fi ojú lé ògiri kó tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ́rìn-ín?

Ṣùgbọ́n ìdí tó ká mi lára jù, ọwọ́ ni. Lókè D700, lápá òsì, bọ́tìnnì mẹ́ta wà níbẹ̀: QUAL (irú fáìlì fótò), WB (àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) àti ISO (bí kámẹ́rà ṣe máa gbé ìmọ́lẹ̀ ga tó). Mi ò gbójú kúrò nínú ihò tí mo ń yọjú sí. Ìka òsì á tẹ ISO, àtàǹpàkò ọ̀tún á yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn, ó ti tán. Ìyàwó ń ti inú oòrùn wọ abẹ́ kánópì, kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, mo ti ṣe tán. Nínú àwọn kámẹ́rà tuntun tí mo ti yá lò, mẹ́nù ni màá kọ́kọ́ máa wá kiri, wọ́n á ti kí bàbá ọkọ tán.

Mo fẹ́ mọ̀, ṣé èmi nìkan ni?

Bọ̀ọ̀dá_Aláìnídígí (Alágbàká)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, iṣẹ́ yín ò sì lábùkù. Ṣùgbọ́n màá bá yín jiyàn díẹ̀.

Ẹ ò sọ pé D700 ní ihò mẹ́mórì kádì kan ṣoṣo. Ẹyọ kan! Ìgbéyàwó ẹlòmíì, tí wọn ò ní ṣe lẹ́ẹ̀mejì (ká sọ pé wọn ò ní ṣe lẹ́ẹ̀mejì), ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lé orí kádì kan. Sony A7 III tí mò ń lò, tó jáde ní 2018, kádì méjì ló ń gbà, ó ń kọ fótò kan náà sórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Tí ọ̀kan bá kú, òun ló kú, iṣẹ́ mi ò kú.

Ẹ tún wo ti ojú. Tèmi ń wá ẹyinjú èèyàn fúnra rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó bá ń jó wọlé, tí wọ́n ń náwó fún wọn, tí ẹnì kan tún ń gba iwájú mi kọjá pẹ̀lú abẹ́bẹ̀, fókọ́ọ̀sì ò kúrò lójú ìyàwó. D700 ní ibi ìfókọ́ọ̀sì 51, mo mọ̀, àárín ni gbogbo wọn kó jọ sí. Ojú tó bá wà létí fótò ńkọ́?

Ti fídíò ẹ̀wẹ̀, mi ò ní sọ púpọ̀. Ní Àkúrẹ́ yìí, oníbàárà mélòó ló ṣì ń bèèrè fótò nìkan?

Láńrewájú_FUTA

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ilé ìwé ni mí. Ní hostel wa báyìí, àwọn kámẹ́rà kékeré àtijọ́ tó ń wọ àpò ló lòde, àwọn Canon IXUS àti Sony Cyber-shot ti bíi 2007, 2009. Wọ́n ní CCD, irú sensor àtijọ́ kan, ló wà nínú wọn, pé àwọ̀ CCD ò láfiwé. Ṣé òótọ́ ni? Mo ti ń tọ́jú owó oúnjẹ mi pamọ́ fún ọ̀kan.

Ìyá_Sítúdíò_Oǹdó

Láńrewájú, jẹun o.

Ajífótò_Ìjàpọ̀

😂 Mọ́mì ti dájọ́.

Bọ̀ọ̀dá Aláìnídígí, o ò purọ́ lórí ti kádì. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: mi ò jẹ́ lo kádì ńlá. Kádì 8GB ni, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ayẹyẹ bá ṣe ń yí. Ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀, ti gbọ̀ngán lọ́tọ̀. Èyí tí mo bá yọ, inú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi ló ń lọ, kì í wọ báàgì tí àwọn ọmọ ń gbé káàkiri. Kò tó kádì méjì, mo gbà, ṣùgbọ́n kádì kan tó bá kú ò lè kó gbogbo òde lọ.

Fídíò, mo ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kó jẹun níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá béèrè ti bátìrì. Bátìrì D700, EN-EL3e, nígbà tó bá tuntun, nǹkan bí 1,000 fótò ni wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú fún. Sony A7 àkọ́kọ́ ti 2013, 340 ni. Dígí inú kámẹ́rà, tó ń gbé ohun tí lẹ́ǹsì rí wá sójú mi, ni èmi ń yọjú wò, dígí kì í jẹ bátìrì. Kámẹ́rà yín tí kò ní dígí, tẹlifíṣọ̀n kékeré ni ẹ ń wò nínú rẹ̀ látàárọ̀. Ìlú tí iná ti lè lọ lálẹ́ Jímọ̀ kó má dé títí òde á fi tú ká ni a ń gbé o.

Bọ̀ọ̀dá_Aláìnídígí

Ẹ̀gbọ́n fi A7 àkọ́kọ́ bú wa, kí n má baà rántí pé A7 III ti kúrò níbẹ̀ 😄. Ìwọ̀n kan náà tí wọ́n fi wọn tàkọ́kọ́ ni wọ́n fi wọn A7 III, 710 ni. Bátìrì méjì, mo ti la òde já, mo tún ní ẹ̀tọ́ sí ìrẹsì.

Ẹ tún gbàgbé ọrùn. D700, bọ́dì rẹ̀ nìkan súnmọ́ kílò kan. Tèmi, tòun ti bátìrì, gíráàmù 650.

Atúnkámẹ́ràṢe (Ọ̀yẹ́mẹkùn)

Ẹ kú àkíyèsí. Àwọn kámẹ́rà tẹ́ ẹ̀ ń jà lé lórí, lórí tábìlì mi ni gbogbo wọn ń bọ̀ bó pẹ́ bó yá, torí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Láńrewájú, ti CCD yẹn, àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀. D700 tí ẹ̀gbọ́n ń yìn látàárọ̀, CMOS, irú sensor kejì, ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe CCD. Àwọ̀ tí ẹ ń rí lára IXUS, bí kámẹ́rà náà ṣe ń se fótò fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́ǹsì kékeré rẹ̀ wà níbẹ̀, fíláàṣì tó ń bẹ́ sí yín lójú gbangba náà wà níbẹ̀. Ya fótò láì tan fíláàṣì nínú yàrá hostel lálẹ́, kó o wá wo bóyá o ṣì fẹ́ràn CCD. Tí ó bá jẹ́ ti eré àti ìrántí, rà á. Tó bá jẹ́ ti iṣẹ́, fi owó náà kún nǹkan míì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, gbogbo ẹjọ́ wà lọ́wọ́ bó o ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Tọ́ọ̀ṣì ni kó o kọ́kọ́ mú lọ́wọ́. Yọ lẹ́ǹsì, ṣí ojú rẹ̀ gbayawu, tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, wò ó ní ẹ̀gbẹ́. Tó o bá rí àwọn ohun wínníwínní tó nà bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nìyẹn. Ilẹ̀ igbó la wà, òjò wa kì í ṣe kékeré, lẹ́ǹsì tí wọ́n jù sínú àpò aláwọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti May dé October á bu dandan. Ẹlòmíì á fi aṣọ nu ojú rẹ̀, á ní kò sí nǹkan. Inú ni ebu ń gbé. Mo lè fọ̀ ọ́ tí kò bá tíì jẹ ọ̀dà tí wọ́n fi kun dígí náà. Tó bá ti jẹ ẹ́, àmì rẹ̀ ò lọ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ihò kádì. Àwọn kámẹ́rà àtijọ́ tó ń lo CompactFlash, abẹ́rẹ́ tíntìntín 50 ló wà nínú ihò wọn. Ẹni tó bá ti kádì wọlé ní wíwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan á tẹ̀. Kámẹ́rà á máa ní kò rí kádì, ẹni tó ń tà á á ní kádì ló bàjẹ́. Fi iná tàn inú ihò náà kó o tó sanwó. Mo ń fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gbé wọn dìde lábẹ́ awò ńlá, wákàtí tó ń bá mi lọ ò ṣeé kà.

Ti shutter ńkọ́, ìyẹn ìkélé kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé nígbà kọ̀ọ̀kan tá a bá ya fótò? Nikon fi òǹtẹ̀ lu ti D700 fún 150,000 fótò, Canon fi ti 5D àkọ́kọ́ sí 100,000. Kò túmọ̀ sí pé ó máa kú níbẹ̀. Mo mọ èyí tó ti ré kọjá dáadáa. Fótò Nikon máa ń gbé iye tí kámẹ́rà náà ti yà sínú ara rẹ̀, ya ẹyọ kan, gbé e sórí kọ̀ǹpútà, wò ó. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé kó o má yà, máa lọ ilé.

Fún Canon 5D àkọ́kọ́, ti 2005, bèèrè ọ̀rọ̀ dígí. Nígbà míì gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa jọ̀wọ́, dígí á já bọ́ sínú. Canon fúnra wọn gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe fún àwọn tó ni ín. Béèrè bóyá wọ́n ti ṣe èyí tó o fẹ́ rà.

Ìyá_Sítúdíò_Oǹdó

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka yín, mo ń rẹ́rìn-ín. 2008 lẹ wá ń pè ní àtijọ́!

Ilé fótò ni wọ́n bí mi sí, nílùú Oǹdó níbí. Yashica olójú méjì ni bàbá mi ń lò. Òkè lo ti ń yọjú wò ó, àyà lo gbé e lé, gbogbo nǹkan á sì yí: ẹni tó wà lọ́tùn-ún á wà lósì. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ń lò ó, apá òdì ni mo máa ń dárí àwọn èèyàn sí. Fíìmù kan, méjìlá péré. Ká tó tẹ̀ ẹ́, a ti wo ọrùn ìró, a ti wo bí gèlè ṣe dúró, a ti ní kí bàbá gbé ọwọ́ sórí orúnkún. Lẹ́yìn náà ni yàrá òkùnkùn, iná pupa, omi oògùn. Bí ojú oníbàárà bá ní àpá, bàbá mi á gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù, á fi blade fá ẹnu rẹ̀ títí yóò fi mú jáì, á wá máa tọ́ ọ sórí nẹ́gátíìfù náà níwọ̀n-níwọ̀n lójú fèrèsé. Wọn ò tíì bí Photoshop nígbà náà.

Ẹ ò rí i pé mo yẹ kí n wà lẹ́yìn Ajífótò. Mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni mo máa ń sunkún fún. Fíìmù aláwọ̀, wọn ò fi tiwa ṣe é. Nílùú òyìnbó, káàdì tí àwọn ilé ìfọfótò fi ń to àwọ̀, obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí ara Shirley bá ti dára, iṣẹ́ parí. Ẹ wá fi ìyẹn ya ọmọ Oǹdó tó dúdú tó wọ léèsì funfun: léèsì á jáde, ojú á di èédú. Ìgbà tí àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi fi ẹjọ́ sun Kodak pé àwọ̀ ọjà àwọn ò yàtọ̀ síra nínú fótò ni wọ́n tó wá nǹkan ṣe sí fíìmù wọn. Ṣokoléètì ló bá wa rojọ́!

Ti dúdú-àti-funfun ni mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bú. Olóògbé J.D. ’Okhai Ojeikere, tó ṣaláìsí ní 2014, láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin wa, láti ẹ̀yìn orí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ lọ wo ìlà àárín irun wọ̀nyẹn. Kámẹ́rà wo lẹ fẹ́ fi ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Nikon D90 ni mò ń lò nísinsìnyí. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Bọ̀ọ̀dá_Aláìnídígí

Mọ́mì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àkísà kọ́ ni wọ́n ń wọ̀ lọ òde o! 😂

Ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nínú tí Mọ́mì sọ tó gbè sẹ́yìn mi. Ojú dúdú, léèsì funfun, oòrùn ọ̀sán gangan. Pẹ̀lú tèmi, mo ń rí bí fótò ṣe máa rí nínú ihò ìyọjú kí n tó tẹ̀ ẹ́. Bí léèsì bá ti fẹ́ jóná, mo ti rí i. Ẹ̀yin, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yà á tán lẹ tó mọ̀.

Ajífótò_Ìjàpọ̀

Àbúrò, ìyẹn dáa fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ti ń ya léèsì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó ti mọ ibi tó máa jóná kó tó gbé kámẹ́rà sójú. Ojú ìyàwó ni mò ń wọn ìmọ́lẹ̀ sí, kì í ṣe aṣọ.

Kí n tún fi ọ̀kan kún un. Lẹ́ǹsì tí mo fi ń jẹun ni Nikkor 85mm f/1.8D. Kò ní mọ́tò nínú, inú bọ́dì D700 ni mọ́tò tó ń yí i wà. Nígbà tí Nikon gbé Z, kámẹ́rà wọn tí kò ní dígí, dé ní 2018, wọ́n ṣe FTZ tó máa so lẹ́ǹsì àtijọ́ mọ́ ọn. FTZ yẹn ò ní mọ́tò. FTZ II náà ò ní. Ìyẹn ni pé tí mo bá ra Z, ọwọ́ ni màá máa fi yí 85 mi kiri níbi òwàm̀bẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n pààrọ̀ kámẹ́rà, kó tún gbé owó lẹ́ǹsì lé e.

Atúnkámẹ́ràṢe

Òótọ́ ni ti FTZ. Àwọn méjì ti gbé Z wá bá mi pé lẹ́ǹsì àwọn bàjẹ́, kò bàjẹ́ rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé apá kejì. Láti D6 tí Nikon gbé jáde ní 2020, wọn ò tíì gbé kámẹ́rà onídígí mìíràn jáde. Pááàtì tó ń kù fún tiyín, láti ara òkú ẹlòmíì ni mo ti ń yọ ọ́. Lónìí mo ń rí i. Ẹ tọ́jú bọ́dì kejì.

Àdùkẹ́_Ọ̀wọ̀

Ẹ forí jì mí, èmi kì í ṣe oníkámẹ́rà o. Oníbàárà ni mí.

Ẹ̀yin ń jà lórí kádì, dígí àti mọ́tò. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń dun àwa? Fótò kì í dé! Ẹni tó yà mí nígbà ìgbéyàwó mi, kámẹ́rà rẹ̀ tuntun, ó ń dán, ó sì ń fi yangàn. Mo lóyún, mo bí, ọmọ ń rá, álíbọ́ọ̀mù ò tíì dé. Tí mo bá pè é, á ní fáìlì ló wúwo, pé kọ̀ǹpútà òun ń dúró.

Fótò bàbá mi kan wà lára ògiri wa l’Ọ́wọ̀, níbi ọdún Ìgógó, dúdú-àti-funfun, mi ò mọ ẹni tó yà á. Torí pé èèwọ̀ ni fìlà àti gèlè lásìkò náà, orí gbogbo èèyàn ló hàn. Agogo wà lọ́wọ́ àwọn tó wà níwájú, ìlù kankan ò sí níbẹ̀ torí wọn kì í lù ú. Mo lè tọ́ka sí ìyá mi àgbà nínú èrò yẹn. Kò sẹ́ni tó tíì bi wá léèrè kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á.

Ajífótò_Ìjàpọ̀

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ wá bá mi gbèjà láìmọ̀. RAW tèmi, ìyẹn fáìlì tútù tó ń ti inú kámẹ́rà jáde, ò wúwo, kọ̀ǹpútà tí mo ti ń lò tipẹ́ ń gbé e láìmí kanlẹ̀. Ẹni tó bá ń ya megapixel 45 tàbí 61 gbọ́dọ̀ ra kọ̀ǹpútà tó máa gbé e, kó ra ibi tó máa kó o sí, kó sì ra epo tó máa fi tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń yí.

Bọ̀ọ̀dá_Aláìnídígí

Ẹni tó bá ń lẹ, á lẹ pẹ̀lú megapixel 6 pàápàá. Àǹtí, ọ̀lẹ ni ẹni yẹn, ẹ má fi kọ́ kámẹ́rà lọ́rùn.

Tèmi ni pé, Ajífótò mọ ọwọ́ ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn lórí ìyẹn. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ṣé àtijọ́ ni ká fi lé wọn lọ́wọ́, nígbà tí ọjà ti ń lọ síbòmíì?

Ìyá_Sítúdíò_Oǹdó

Èmi, àtijọ́ ni mo fi ń lé wọn lọ́wọ́. Ọmọ tó bá wọ ọ̀dọ̀ mi, D90 ló máa gbà, màá lẹ páálí bo ojú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà rí fótò tó yà. Méjìlá ni mo fún un láàárọ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Lálẹ́, a jọ jókòó wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹkún ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti jáde lọ́dọ̀ mi, ẹ gbé kámẹ́rà yòówù fún wọn, tuntun tàbí àtijọ́, wọn kì í wá mẹ́nù.

Tí wọ́n bá ti mọṣẹ́, kí wọ́n ra èyí tó bá wù wọ́n. Bọ̀ọ̀dá Aláìnídígí gan-an, ṣé o rántí ẹni tó kọ́ ọ?

Bọ̀ọ̀dá_Aláìnídígí

Mọ́mì 🙇🏾‍♂️ Ẹ má tú mi fó níbí.

Láńrewájú_FUTA

Ẹ̀yin àgbà, mo ti pa ti IXUS tì. Ẹnì kan ní North Gate fẹ́ ta D90 fún mi pẹ̀lú 50mm f/1.8D. Ṣé mọ́tò wà nínú bọ́dì D90?

Atúnkámẹ́ràṢe

Ó wà. SD ló sì ń gbà, o ò ní bá abẹ́rẹ́ CompactFlash jà. Ó ń ya fídíò 720p pẹ̀lú, òun ni kámẹ́rà onídígí àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008, ṣùgbọ́n má gbà á tìtorí fídíò. Ní kí ẹni náà jẹ́ kẹ́ ẹ jọ gbé e wá kó o tó sanwó. Bí lẹ́ǹsì bá bu, a jọ máa gé owó. Tó o bá rà á, àwọn àpò wẹ́wẹ́ tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, kó wọn sínú ike tó dé pinpin, ibẹ̀ ni kó o máa tọ́jú lẹ́ǹsì sí nígbà òjò.

Bọ̀ọ̀dá_Aláìnídígí

Ẹ̀gbọ́n Ajífótò, kí n tó lọ. 85mm yẹn, bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ tà á lọ́jọ́ kan, èmi lẹ kọ́kọ́ pè o. Adapter kan wà tí mo fẹ́ fi dán an wò lórí Sony.

Ajífótò_Ìjàpọ̀

Ẹni tó ní ká ju àtijọ́ nù! Kò sí fún títà.